Ọdẹ́sànmí ní Ìlú Àìṣẹ́kù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí òjò ọ̀sán yìí máa na koríko níta. Àwa wà lábẹ́ àtíbàbà, ẹnu sì ń yún mi. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó tètè lọ sùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo gbá ẹfọ̀n létí tí ó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Èmi ni ẹkùn rí tí ó ní òun ń bọ̀, tí kò sì padà wá mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ẹni tí ó ni ín le jù mí lọ, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ẹ kò ní gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́ láyé.

Ọdẹ́sànmí ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Ìdí-Ahùn ni. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba baba rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó sì yára bínú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ilé fi ń sọ pé bí a bá gbé ẹ̀kọ gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́sànmí, ẹ̀kọ náà yóò rò pé òun ti tutù. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè bá a wí kí ó gbọ́: Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí kí ó tó kú.

Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, Àwẹ̀ró àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣa àgbálùmọ̀ létí Igbó Àìwọ̀. Ìjì kan jà, eruku bo gbogbo wọn lójú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Àwẹ̀ró ti di àwátì. Igbá rẹ̀ dojú dé, àgbálùmọ̀ fọ́n ká ilẹ̀, láti inú igbó sì ni ohùn púpọ̀ ti ń ké pọ̀ pé, "A ti pé! A ti pé! A ti pé!"

Àwọn àgbà ìlú ní kí Ọdẹ́sànmí fi ẹ̀jẹ̀ sínú, kí ó tu itọ́ funfun jáde.

"Ẹni tí iwin bá ti gbé," ni Baálẹ̀ wí, "a kì í lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ iwin."

"Ẹ̀yin ni ẹ kì í bèèrè," ni Ọdẹ́sànmí dáhùn. "Èmi náà kò lọ bèèrè. Mo ń lọ gbà á ni."

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ki àdá bọ àkọ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó sì wọ igbó lọ.

Èmi kò ní fi ìrìn inú igbó dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó náà kórìíra rẹ̀. Ẹ̀gún ibẹ̀ kì í dúró de ẹsẹ̀, ṣe ni wọ́n ń fò mọ́ ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ sinmi lábẹ́ igi, igi náà a kó òjìji rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń fi orúkọ bú ìyá rẹ̀. Ó bú ìyá tiwọn náà, ó sì ń lọ. Báyìí ni ó ṣe dé etí odò dúdú kan. Igi gbọọrọ kan ṣoṣo ni afárá rẹ̀, iwin kan sì jókòó sáàrin igi náà.

Kàmíwò ni orúkọ iwin yìí. Kìkì ojú ni gbogbo ara rẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn ojú náà kì í sì í gbé ibì kan. Wọ́n ń sáré kiri lára rẹ̀ bí èèrà tí wọ́n tẹ ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n.

"Níbo lò ń lọ, ìwọ òkú tí ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?" ni Kàmíwò bèèrè.

"Èmi Ọdẹ́sànmí," ni ó dáhùn, "ọmọ a-rí-ẹ̀rù-má-dẹ̀yìn, ọmọ a-sùn-sójú-ọ̀nà-ẹkùn-kí-ẹkùn-gba-ibòmíràn. Bí o bá fẹ́ jà, dìde. Bí o kò bá fẹ́ jà, sún."

"N ó jà. Ṣùgbọ́n gbọ́ àlọ́ mi ná, kí o má baà kú láìgbọ́n. Tò wọ́n ní méjì-méjì, ẹnì kan ṣẹ́ kù. Tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹnì kan ṣẹ́ kù. Tò wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin, ní márùn-ún-márùn-ún, títí o fi dé mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹnì kan náà ni yóò máa ṣẹ́ kù, kò níbi tí yóò fi ara rẹ̀ sí. Ta ni ẹni náà?"

"N kò wá pa àlọ́," ni Ọdẹ́sànmí wí.

"Ìwọ ni!" ni Kàmíwò kígbe. "Ìwọ gan-an ni!" Ó sì fò mọ́ ọn.

Ìjà náà le. Kàmíwò gbé e, ó fi í na ilẹ̀. Ọdẹ́sànmí dìde, ó yìnbọn, ṣùgbọ́n àwọn ojú náà rí ọta bí ó ti ń bọ̀, ara iwin náà sì yẹ̀ ẹ́. Ó fa àdá yọ, wọ́n tún rí àdá. Nígbà tí iwin náà wá fún un lọ́rùn tí èémí ń tán lọ, Ọdẹ́sànmí bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn etí odò, ó sì dà á sí i lára. Háà! Ẹni tí ó ní ojú méjì, bí iyanrìn bá kó sí i, ọwọ́ méjì tó láti nù ún. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò níye ńkọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ju méjì lọ? Kàmíwò bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Bí ó ti ń nu ti àyà ni ti ẹ̀yìn ń ta á, bí ó ti ń nu ti ẹ̀yìn ni ti itan ń ta á. Ọdẹ́sànmí kọjá lórí afárá, kò sáré.

"Máa lọ!" ni iwin náà ń ké tẹ̀lé e. "Wọn yóò tò, ìwọ yóò sì ṣẹ́ kù!"

Òwúrọ̀ ni ó dé ìlú tí ó wà lódìkejì odò náà. Ìlú Àìṣẹ́kù ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ilé ibẹ̀ ga bákan náà, ojú fèrèsé wọn rí bákan náà, àwọn iwin tí ń gbé ibẹ̀ sì ti jáde sí ojúde ọba, wọ́n ń tò. Àwọ̀ eérú ni wọ́n, ẹnu wọn fẹ́lẹ́ bí ojú abẹ. Nígbà tí wọ́n rí Ọdẹ́sànmí, wọn kò sá, kò sì yà wọ́n lẹ́nu. Ńṣe ni wọ́n fi imú fa òórùn rẹ̀ tí wọ́n sì tutọ́ sílẹ̀. Kí ó tó gbé ìbọn, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ lọ síwájú ọba.

Ọgbọọgba ni orúkọ ọba náà. Orí àpótí ni ó jókòó sí, wọ́n sì gbé àpótí náà sí orí ìlà àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ń ka ọba mọ́ ará ìlú. Ní ìlà kẹta ni Ọdẹ́sànmí ti rí Àwẹ̀ró. Wọ́n ti fi eérú kùn ún lára bí tiwọn. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, lẹ́sẹ̀kan náà ni ó sì tún ṣókùnkùn.

"Ọmọ ìyá mi ni mo wá mú," ni Ọdẹ́sànmí wí. Kò dọ̀bálẹ̀, kò sì pè é ní Kábíyèsí.

"Tiwa ni," ni ọba dáhùn. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé ogún ni wá nínú ìlú yìí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Láàárọ̀ ni à ń tò. A tò ní méjì-méjì, ó pé. A tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó pé. Bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ná ìka ọwọ́ wa tán ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó ṣẹ́ kù rí. Wá gbogbo iye tí ó kéré sí tiwa, ìwọ kò ní rí ọ̀kan tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bímọ níbí, a ó sọ arúgbó kan sí kòtò. Bí ẹnì kan bá kú, a ó lọ gbé ènìyàn kan wá dípò rẹ̀. Arúgbó wa kan kú, a gbé obìnrin yìí. Ó tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹnu mi, ẹ kà á wò: igba lọ́nà mẹ́tàlá, ẹ yọ ọgọ́rùn-ún kúrò, ẹ fi ogún lé e. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó gbà á gbọ́.

"Iye yín kò kàn mí," ni Ọdẹ́sànmí wí.

"Yóò kàn ọ́ báyìí. Ẹ fi í kún wa, kí ẹ tò!"

Wọ́n tì í wọ àárín wọn. Akéde ìlú, ìyẹn iwin gígùn kan tí ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tí a ń fi ọ̀bẹ ha ìkòkò, ké pé, "Méjì-méjì!" Gbogbo wọn tò ní méjì-méjì, Ọdẹ́sànmí nìkan ni kò ní ẹnìkejì. "Àṣẹ́kù!" ni gbogbo ìlú ké, wọ́n sì sọ ọ́ ní òkúta. "Mẹ́ta-mẹ́ta!" Ó sáré kí ó lè wọ ìlà kan, wọ́n fi ìgúnpá tì í jáde, òun nìkan ni ó tún kù. "Àṣẹ́kù!" Òkúta tún bà á. Ní mẹ́rin-mẹ́rin, ní mẹ́fà-mẹ́fà, ní méje-méje, kò sí ìlà tí ó gbà á. Nígbà tí wọ́n fi dé mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kàmíwò ṣẹ sí i lára, ìtìjú rẹ̀ sì dùn ún ju òkúta lọ, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún un rí pé òun kò ní àyè.

"Ẹ jẹ́ kí èmi àti àbúrò mi lọ nígbà náà!" ni ó ké.

"Kí a jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì lọ?" Ọba rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ fà wọ́n sẹ́yìn, kí ẹ tò láìsí wọn, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i."

Wọ́n tò. Ní méjì-méjì, ẹnì kan ṣẹ́ kù. Ní mẹ́ta-mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù. Ní mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́ta ṣẹ́ kù. Ibikíbi tí wọ́n bá tò ó dé, ẹnì kan péré ni ó ń dín kí ìlà ìkẹyìn tó kún, títí wọ́n fi dé mẹ́wàá-mẹ́wàá tí mẹ́sàn-án sì ṣẹ́ kù. Àwọn iwin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn mìíràn ń bì.

"O rí i?" ni ọba wí. "Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì yóò dúró tì wá títí láé, ọ̀kan yóò máa lọ. Ẹ mú un láàrin ara yín kí oòrùn tó dé àtàrí. Bí ẹ kò bá mú un, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò wọ kòtò, a ó sì lọ gbé ẹlòmíràn ní Ìdí-Ahùn."

Wọ́n so wọ́n mọ́ òpó kan ṣoṣo létí kòtò náà.

"Ta ní ní kí ẹ wá?" Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Èmi nìkan ni wọ́n gbé, ẹ̀yin wá sọ ọ́ di méjì!"

"Ṣé kí n jókòó sílé kí n máa jẹ iyán ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò jẹ iyán rí kí ẹ má bá odó jà."

"Dákẹ́. Èmi ni n ó dúró. Ìwọ ni yóò lọ."

"Kí n lọ bá ta ni? Ìyá ti kú. Kí n máa jí láàárọ̀ kí n máa rántí pé ẹ wà níbí pẹ̀lú eérú lára, tí àwọn ẹlẹ́nu abẹ yìí ń kà yín bí ẹni ka ewúrẹ́? N kò lọ!"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní kí o lọ!"

"Ẹ lu mí, bí ẹ bá lè nawọ́!"

Ìjà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tí ń ṣọ́ wọn fi ọwọ́ di etí. Omijé wà lójú Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kì í ṣe omijé ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, ó sì tutọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ wò wọ́n! Ibi tí ìka ọwọ́ wọn parí sí ni ọgbọ́n wọn parí sí!"

Ọdẹ́sànmí yíjú sí i lójijì. "Kí lo wí?"

"Mo ní ibi tí ìka wọn..." Ó tún wo ìka ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà.

"Ṣé wọn kì í tò kọjá mẹ́wàá ni?" ni Ọdẹ́sànmí bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní níbi tí ìka tán sí ni ayé tán sí."

"Bí àwa méjèèjì bá kúrò, mélòó ni wọ́n kù?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé mọ́kàndínlógún. Iye burúkú tí ó ń mú wọn bì nìyẹn."

"Mọ́kànlá ńkọ́? Bí wọ́n bá tò ní mọ́kànlá-mọ́kànlá?"

Àwẹ̀ró pa ojú dé. "Ẹgbọ̀kànlá wà nínú rẹ̀. Kí sì ni ẹgbọ̀kànlá? Igba lọ́nà mọ́kànlá ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́. Igba ìlà nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún."

"Ogún lọ́nà mọ́kànlá, igba ó lé ogún. Ogún ìlà nìyẹn. Ẹ tún yọ ọ́."

Ọdẹ́sànmí ń rò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde bí ẹni tí ó ru ẹrù. "Ó ku... ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Mọ́kànlá lọ́nà mẹ́sàn-án!" ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ̀gbọ́n, kò ṣẹ́ kù! Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan!"

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ọba dé pẹ̀lú gbogbo ìlú. "Ta ni yóò dúró?"

"Kò sí," ni Ọdẹ́sànmí dáhùn. "Ìlà kan wà tí yóò gba gbogbo yín láìsí wa, tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ́ kù. Ẹ tò ní mọ́kànlá-mọ́kànlá. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, ẹ má wulẹ̀ tì wá, a ó fi ẹsẹ̀ ara wa wọ kòtò."

Ọba Ọgbọọgba fi ara rọ̀ sórí àpótí. "Èèwọ̀ ni."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ọba tí ẹ̀rù ìka kan ń bà!" ni Ọdẹ́sànmí wí.

Àwọn iwin ń wo ojú ọba. Bí ọba bá kọ̀, wọn yóò sọ pé ó kọ̀ nítorí pé ó mọ̀ pé yóò pé. Ọba rí i nínú ojú wọn. Ó fi ilẹ̀ búra pé bí ó bá pé, àwọn méjèèjì yóò lọ, wọn kò sì ní gbé ẹlòmíràn dípò wọn. Ṣùgbọ́n ó ju ọwọ́ sí àwọn tí ń gbé àpótí rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò ní orí ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lábẹ́ igi.

"Mọ́kànlá-mọ́kànlá!" ni akéde ké. Kò dùn lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tò. Ó pẹ́, nítorí ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìlà ń kún, ìlà ń kún, Àwẹ̀ró di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lẹ́yìn òpó. Akéde rìn dé ìlà ìkẹyìn, ó kà á, ó tún un kà.

"Mẹ́wàá péré ni! Ìlà kò kún. Mẹ́wàá ṣẹ́ kù!"

"Ẹ sọ àwọn méjèèjì sí kòtò!" ni ọba ké.

"Ìwọ ńkọ́?" Ọdẹ́sànmí bú ramúramù. "Ta ló ka ìwọ tí o jókòó sábẹ́ igi? Láàárọ̀ yìí, ṣebí wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn?"

"Ọba kì í wọ ìlà èèwọ̀."

Iwin arúgbó kan jáde láti ìlà ìkẹyìn, obìnrin tí ehín rẹ̀ ti ká tán. "Kábíyèsí, bí ẹ kò bá wọlé, àwa mẹ́wàá yìí ni àṣẹ́kù. Ṣé àwa náà ni ẹ ó sọ sí kòtò?"

Bí ọba bá ti parọ́ fún un ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n agbára ti pa á níyè. "Òfin ni òfin," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá ṣẹ́ kù, ó ṣẹ́ kù."

Àwọn mẹ́wàá náà wo ara wọn. Wọ́n rìn lọ sábẹ́ igi, wọ́n di ẹsẹ̀ àpótí mú, wọ́n sì yí i dànù. Ọba ń bú wọn, ó ń fi ehín gé wọn jẹ, adé rẹ̀ ń yí lọ nínú eruku, kò sí ẹni tí ó mú un. Wọ́n wọ́ ọ dé ìlà ìkẹyìn, wọ́n gbé e nàró, arúgbó náà sì di apá rẹ̀ mú gírígírí.

Akéde kà á. "Ó pé," ni ó wí.

Ẹnikẹ́ni kò ké "A ti pé" lọ́jọ́ náà. Wọ́n tú Ọdẹ́sànmí àti Àwẹ̀ró sílẹ̀ bí ẹni tú ejò sílẹ̀, wọ́n ju ìbọn rẹ̀ sí i lẹ́yìn, òkúta sì ń bà wọ́n títí wọ́n fi dé ẹnu odi. Wọn kò wẹ̀yìn. Kàmíwò ṣì ń nu ojú nígbà tí wọ́n kọjá lórí afárá; ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó sì fi wọ́n gégùn-ún.

Lódìkejì odò ni wọ́n ti gbọ́ ohùn Ọba Ọgbọọgba. Iye wọn tí ó ń pé tẹ́lẹ̀ láti méjì-méjì dé mẹ́wàá-mẹ́wàá ti dín, ìlà kan ṣoṣo ni ó kù tí ó gbà wọ́n, ìlà tí wọ́n ti fi ọba wọ́ ilẹ̀. Kò sì lè fara mọ́ ọn. "Ẹ tò ní méjìlá-méjìlá!" ni ó ń ké. "Mọ́kànlá ṣẹ́ kù!" ni akéde dáhùn, ariwo ìjà sì sọ, nítorí kò sí ẹni tí ó gbà láti wọ kòtò. "Ẹ tò ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá!" "Mẹ́wàá ṣẹ́ kù!" Ìjà tún bẹ́. "Mẹ́rìnlá!" "Mẹ́tàlá ṣẹ́ kù!"

Àwẹ̀ró dúró, ó ń fi apá nu eérú ojú rẹ̀. "Igba ìlà, ogún ìlà, ìlà mẹ́sàn-án," ni ó wí. "Bí n kò bá ṣì í kà, wọn yóò tò ó dé igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó tún rí èyí tí yóò pé."

Ọdẹ́sànmí wo ìlú náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti wọ igbó, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ṣé kí á ké sí wọn, kí á sọ fún wọn?"

Àwẹ̀ró wo ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ sí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á," ni ó wí, ó sì bọ́ síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tán sí lẹ́nu mi nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n kà á dé lónìí, ọ̀nà ibẹ̀ kò dí. Ṣùgbọ́n èmi kò ní sìn ín.